Ìmúwòdù funfun: irú jíìnì ìdènà wo ló yẹ ká mú? Mẹ́ta tí mo gbé síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́

Ẹ lọ wo ojú páálí irúgbìn, tàbí ìwé táwọn tó ń ta irúgbìn ń tẹ̀ jáde, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé irúgbìn àwọn kì í kó ìmúwòdù funfun, ìyẹn àrùn lẹ́búlẹ́bú tó ń bo ewé tí wọ́n ń pè ní powdery mildew. Ó dáa o. Àmọ́ wọn kì í sábà sọ irú agbára tó wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá ni ohun ọ̀gbìn máa ń gbà kojú àrùn yìí, ọ̀kan lè pa á rẹ́ ráúráú lónìí kó sì di yẹpẹrẹ láàárín ọdún mélòó kan, òmíì ò ní pa á tán láé àmọ́ á wà níbẹ̀ títí ọmọ yín á fi dàgbà. Mo máa gbé wọn síra wọn, mo sì máa sọ èyí témi á mú, ẹ lè bá mi jiyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ọ̀tá tá à ń bá jà, torí ohun tó ń jẹ́ kí jíìnì kan (ìyẹn ìtọ́ni inú sẹ́ẹ̀lì tí ohun ọ̀gbìn jogún) pẹ́ kí òmíì má pẹ́ nìyẹn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, àmọ́ kì í jẹ ewé tó ti kú, ewé tó ṣì wà láàyè ló ń fẹ́. Tí sípọ́ọ̀ ẹ̀, ìyẹn hóró tín-ín-rín tó fi ń bí sí i, bá bà lé ewé, á fi ẹ̀ka tín-ín-rín kan dá ògiri sẹ́ẹ̀lì lu, á ki ẹnu bọ inú ẹ̀, á máa fa oúnjẹ láìjẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì yẹn kú, torí tí ìyẹn bá kú, ebi ló máa pa òun náà. Kò nílò kí òjò rọ̀ kó tó hù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ti tó o, kódà tí omi bá dúró pẹ́ lórí ewé ó lè ba sípọ́ọ̀ ọ̀hún jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbilẹ̀ nínú ilé ọ̀gbìn tí òjò kì í dé. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó bà lé ewé ti bí àìmọye míì, atẹ́gùn á sì gbé wọn lọ sí oko ẹlòmíì. Ẹ wá ro iye tó máa wà níta kí àsìkò ọ̀gbìn tó parí. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá yí padà bó ṣe yẹ ti tó láti sọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe di òfo.

Ohun míì ni pé kì í ṣe ẹ̀dá kan ṣoṣo. Blumeria tó ń yọ ọkà báálì lẹ́nu ò lè ṣe àlìkámà ní nǹkan kan, ti àlìkámà náà ò mọ báálì rí. Podosphaera xanthii ló sábà máa ń bá kùkúńbà àti mẹ́lọ́ọ̀nù jà, Erysiphe necator ni ti àjàrà, Erysiphe pisi ni ti píìsì. Tòmátì tiẹ̀ ní ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan ń gbé lójú ewé, èkejì tó ń jẹ́ Leveillula taurica ń wọnú ewé lọ. Nítorí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé jíìnì báyìí dáa, ẹ bi í pé fún ohun ọ̀gbìn wo, àti sí fọ́ńgọ́ọ̀sì wo.

Jíìnì tó ń dá ọ̀tá mọ̀

Èyí ló pọ̀ jù lọ́jà. Inú sẹ́ẹ̀lì ni purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe máa ń wà, ẹ fi ṣe ọlọ́dẹ tó mọ ojú olè kan pàtó. Tí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá wọlé, ó máa ń da àwọn purotéènì tiẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì kó lè fi pa ètò ààbò ibẹ̀, tí ọlọ́dẹ bá sì ti rí èyí tó mọ̀ nínú wọn, ó ti kígbe nìyẹn, sẹ́ẹ̀lì á pa ara ẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì ò ní rí nǹkan jẹ, ó kú. Ewé á mọ́ tónítóní, bóyá kẹ́ ẹ kàn rí àmì kéékèèké tó ti gbẹ. Ẹwà ni, ẹni tó bá rí i nínú oko máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Wàhálà ẹ̀ ni pé olè lè pààrọ̀ ojú. H. H. Flor ló fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1940, orí ọ̀gbọ̀ àti àrùn ìdógùn-ún (rust) tó ń mú un ló ti ṣiṣẹ́ o, kì í ṣe orí ìmúwòdù, àmọ́ òfin kan náà ni: jíìnì kan nínú ohun ọ̀gbìn, jíìnì kan tó bá a dọ́gba nínú àrùn. Tí ti àrùn bá yí padà tàbí tó bá sọ nù, ọlọ́dẹ yín ń wò ó níran.

Ẹ wo mẹ́lọ́ọ̀nù. Ní 1936 wọ́n gbé PMR 45 jáde ní Amẹ́ríkà, ìmúwòdù ò lè mú un, inú àwọn àgbẹ̀ dùn. Nígbà tó fi máa di 1938 wọ́n ti kọ̀wé nípa ẹ̀yà ìmúwòdù tuntun tó ń jẹ ẹ́ ní Imperial Valley ní Kalifóníà. Ọdún méjì péré! Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe àwọn ẹ̀yà náà, ẹ̀yà 1, ẹ̀yà 2, ẹ̀yà 3, wọ́n sì ń pọ̀ sí i.

Ti àlìkámà náà ò yàtọ̀. Àwọn jíìnì tí wọ́n ti fún lórúkọ níbẹ̀ lé ní 60, Pm ni wọ́n ń fi pè wọ́n pẹ̀lú nọ́ńbà. Pm8 wá látinú ráì, ọkà kan tó jẹ́ ìbátan àlìkámà, wọ́n gbé apá kan krómósómù ráì wọ inú àlìkámà, apá yẹn sì kó àwọn jíìnì míì tó ń dènà ìdógùn-ún dání, ni gbogbo ayé bá gbá a mú, wọ́n gbìn ín káàkiri, fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń bá a pàdé níbi gbogbo títí tó fi mọ bó ṣe máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, lónìí Pm8 nìkan ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ tún wá gbọ́ o, àwọn àlìkámà kan wà tí Pm8 wà nínú wọn àmọ́ tí ò ṣiṣẹ́ rárá, kì í ṣe pé àrùn ti borí ẹ̀, Pm3 tó wà nínú àlìkámà kan náà ló dí i lọ́wọ́! Ìbátan ni àwọn jíìnì méjèèjì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dara wọn láàmú. Ẹni tó bá ń kó jíìnì jọ kó rántí èyí, ìkójọ kì í ṣe ìṣirò lásán.

Mi ò ní kí gbogbo wọn máa tètè bàjẹ́. Pm21 wá látinú koríko kan tó jẹ́ ìbátan àlìkámà, Dasypyrum villosum lorúkọ ẹ̀, wọ́n ti ń lò ó gan-an ní Ṣáínà, ó sì ṣì ń dá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀yà ìmúwòdù àlìkámà dúró. Nígbà tí wọ́n wá rí jíìnì ọ̀hún fúnra ẹ̀ ní 2018, ọlọ́dẹ bíi tàwọn yòókù náà ló jẹ́. Èmi máa lò ó, àmọ́ mi ò ní dá a gbìn sórí ilẹ̀ tó pọ̀ láìfi nǹkan míì tì í.

Oore tó wà nínú irú yìí ò kéré ṣá. Látìgbà tí ohun ọ̀gbìn bá ti yọrí lórí ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe irúgbìn àdàlù, ìyẹn haíbírìdì, òbí kan ṣoṣo tó bá ní in ti tó. Kì í sì í sábà gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìkórè.

mlo, jíìnì tó bàjẹ́ tó wá di àǹfààní

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín. Ní 1942 ní Jámánì, Freisleben àti Lein tan X-ray sára irúgbìn báálì, ni wọ́n bá rí èyí kan nínú wọn tí ìmúwòdù ò lè mú. Nígbà tó yá wọ́n rí irú ẹ̀ nínú báálì ìbílẹ̀ Etiópíà tí wọ́n kó wá ní 1937 sí 1938, tiyẹn ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó tan X-ray sí i. Jíìnì kan tó ń jẹ́ Mlo ló bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì, tó bá ti bàjẹ́ mlo ni wọ́n ń kọ ọ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí nílò Mlo tó ń ṣiṣẹ́ kó tó lè ráyè wọlé, tí Mlo ò bá sí, sẹ́ẹ̀lì á tètè mọ odi sí ibi tí wọ́n ti ń gún un, ibẹ̀ ló máa parí sí. Ẹ rí ìyàtọ̀ ẹ̀: kò sí ọlọ́dẹ tí wọ́n máa tàn jẹ níbí, ọ̀nà gan-an ni wọ́n dí.

Irúgbìn Atem tó jáde ní Nẹ́dálándì ní 1979 ló kọ́kọ́ gbé mlo dé oko, ti Etiópíà ni wọ́n lò. Alexis tẹ̀ lé e ní 1986, tìyẹn wá látinú èyí tí èèyàn dá sílẹ̀. Ní 1997 wọ́n wá rí jíìnì náà fúnra ẹ̀. Ó ti lé ní 40 ọdún báyìí tó ti wà lórí ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an ní Yúróòpù, nínú báálì ìgbà ìrúwé, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú ìjà àwọn ọlọ́kà pẹ̀lú ìmúwòdù, kò wọ́pọ̀ rárá kí jíìnì kan ṣoṣo pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe báálì nìkan. Nínú píìsì, er1 tí wọ́n ti mọ̀ látìgbà tí Harland ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1948, Mlo tó bàjẹ́ náà ni, ó di 2011 kí wọ́n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. ol-2 nínú tòmátì, bákan náà, lẹ́tà DNA 19 ló já kúrò. Ó wà nínú kùkúńbà náà.

Kí ló wá burú nínú ẹ̀? Ó wà o. Ewé báálì tó ní mlo lè máa ṣe àmì kéékèèké tó gbẹ láìsí àrùn kankan, ó sì lè tètè darúgbó, nígbà àkọ́kọ́ ìkórè ẹ̀ máa ń dín kù díẹ̀, àwọn tó ń tọ́ irúgbìn ti ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn gan-an. Èkejì, àwọn àrùn míì tó jẹ́ pé òkú sẹ́ẹ̀lì ló ń wù wọ́n lè jàǹfààní ẹ̀, Ramularia ni wọ́n máa ń sọ jù, tí ìyẹn bá jẹ́ ìṣòro ńlá ní agbègbè yín, ẹ rò ó dáadáa. Ìkẹta, tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú báálì tí omi wá dé lójijì, ìdènà yẹn lè tú díẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìkẹrin, ẹ̀dà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́, ti ìyá àti ti bàbá, torí náà nínú haíbírìdì òbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ní in, iṣẹ́ nìyẹn.

Àlìkámà ló wá le jù. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì ní jẹ́nómù mẹ́ta, ìyẹn odindi àkójọ jíìnì mẹ́ta, nínú ara, Mlo ẹ̀ di mẹ́ta, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gbọ́dọ̀ bàjẹ́ pọ̀, kẹ́ ẹ tó rí ìyẹn fúnra ẹ̀ nínú oko, áà. Ní 2014 àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà fi ẹ̀rọ àtúnkọ DNA, TALEN, gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ìmúwòdù ò mú un mọ́, àmọ́ bí ohun ọ̀gbìn náà ṣe ń dàgbà ò tẹ́ni lọ́rùn. Ní 2022 ni wọ́n wá sọ nípa àlìkámà kan tó ń jẹ́ Tamlo-R32, nínú èyí, ẹ̀ka DNA tó gùn tó nǹkan bí 304,000 lẹ́tà ló já kúrò, jíjá tó já yẹn sì jí jíìnì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, TaTMT3, ìyẹn ló tún ìdàgbàsókè ẹ̀ ṣe. Wọ́n ti fi CRISPR, ẹ̀rọ àtúnkọ DNA míì, ṣe ti tòmátì náà ní 2017, Tomelo ni wọ́n pè é. Òfin lórí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n tún DNA ẹ̀ kọ ò dọ́gba láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, ẹ béèrè tiyín kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú.

Àwọn tó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀

Àwọn wọ̀nyí ò ní orúkọ ńlá, ojú ò sì lè tètè rí iṣẹ́ wọn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń fojú kéré wọn. Nínú àlìkámà, Lr34 ni ọ̀gá wọn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdógùn-ún ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ yẹn, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń dín ìmúwòdù kù náà ni wọ́n bá tún pè é ní Pm38, jíìnì kan náà ni. Lr46 ni Pm39, Lr67 sì ni Pm46. Ọlọ́dẹ kọ́ ni wọ́n. Lr34, tí wọ́n rí ní 2009, ń ṣe purotéènì tó ń gbé nǹkan gba ara sẹ́ẹ̀lì kọjá, Lr67, tí wọ́n rí ní 2015, jẹ mọ́ gbígbé ṣúgà.

Tí irúgbìn bá ṣì kéré, wọn kì í fẹ́ ṣe nǹkan kan, ẹ máa rí ìmúwòdù lórí ewé àkọ́kọ́, ọkàn yín á bàjẹ́. Àfi tó bá dàgbà. Nígbà yẹn àrùn á wà níbẹ̀ ṣá o, àmọ́ kò ní yára, àmì ẹ̀ á kéré, sípọ́ọ̀ tó ń jáde á dín kù. Ṣóńṣó ewé lè gbẹ díẹ̀, àmì Lr34 nìyẹn, ẹ má rò pé àrùn ni.

Kí ló dé témi á fi mú irú ẹ̀? Lr34 ti wà nínú oko fún nǹkan bí 100 ọdún, kò tíì sí ẹ̀yà àrùn tó borí ẹ̀. Àti pé jíìnì ẹyọ kan yìí ń dín oríṣi ìdógùn-ún mẹ́ta kù pọ̀ mọ́ ìmúwòdù, iṣẹ́ mẹ́rin lówó ẹyọ kan. Tẹ́lẹ̀ ó ṣòro fún àwọn tó ń tọ́ irúgbìn torí wọn ò lè fi ojú yàn án nígbà tó bá ṣì kéré, ní báyìí wọ́n kàn ń yẹ DNA wò ni.

Tá a bá wá gbé wọn síra wọn

Tó bá jẹ́ ti ewé tó mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, jíìnì ọlọ́dẹ àti mlo jọ ń du ipò kìíní, àwọn tó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ò lè bá wọn dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ ti pípẹ́, mlo àti àwọn tó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ló síwájú, ọlọ́dẹ wà lẹ́yìn pátápátá, àyàfi ẹyọ mélòó kan bíi Pm21. Tó bá jẹ́ ti ìrọ̀rùn láti fi tọ́ haíbírìdì, ọlọ́dẹ ló borí. Tó bá jẹ́ ti àrùn míì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn tó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ ń ràn yín lọ́wọ́, mlo lè kóbá yín, ọlọ́dẹ ò dá sí i.

Ọ̀nà kẹrin tún wà tí kì í ṣe jíìnì tuntun, bá a ṣe ń lo èyí tó wà nílẹ̀ ni. Ní Jámánì Ìlà Oòrùn, láwọn ọdún 1980, wọ́n da oríṣiríṣi báálì pọ̀ sínú oko kan náà, irúgbìn tí jíìnì inú wọn ò jọra, kí fọ́ńgọ́ọ̀sì tó bọ́ lára ọ̀kan má lè jẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1990, ilẹ̀ tí wọ́n gbìn báyìí ti tó nǹkan bí 360,000 hẹ́kítà, ìmúwòdù sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí 50% sí 10%. Kò sí jíìnì tuntun kankan níbẹ̀ o! Ohun tó dá ètò náà dúró ni pé Jámánì méjèèjì para pọ̀, àwọn oníbíà sì ń fẹ́ oríṣi kan ṣoṣo.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìmúwòdù náà mọ àdàlù ṣe. Tritíkálì, ọmọ àlìkámà àti ráì, ò ní ìṣòro ìmúwòdù tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó di nǹkan bí 2001 ni wọ́n rí èyí tó ń jẹ ẹ́ ní Yúróòpù, nígbà tí wọ́n yẹ DNA ẹ̀ wò, ọmọ tí ìmúwòdù àlìkámà àti ti ráì jọ bí ni.

Èyí témi á mú

Báálì ìgbà ìrúwé: mlo, láìjanpata, àyàfi tí Ramularia bá ń dà yín láàmú. Píìsì: er1, ẹ wulẹ̀ má ronú jìnnà. Àlìkámà: kí Lr34 tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀ méjì jẹ́ ìpìlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ọlọ́dẹ kan tí fọ́ńgọ́ọ̀sì agbègbè yín kò tíì borí kún un, ẹni tó bá dá ọlọ́dẹ nìkan gbìn, kó múra láti pààrọ̀ irúgbìn nígbàkigbà.

Àjàrà lọ̀rọ̀ ẹ̀ gba sùúrù jù, torí igi tẹ́ ẹ gbìn lónìí máa wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ ò lè pààrọ̀ ẹ̀ bíi ọkà. Jíìnì Run1 tó wá látinú Muscadinia rotundifolia, àjàrà ìgbẹ́ kan, lágbára gan-an, àmọ́ wọ́n ti rí ìmúwòdù tó lè borí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí igi yẹn ti ń hù fúnra ẹ̀. Èyí tó ní Run1 nìkan, èmi ò ní gbìn ín. Ilẹ̀ Faransé forúkọ irúgbìn àjàrà mẹ́rin, Artaban, Vidoc, Floreal àti Voltis, sílẹ̀ ní 2018, wọ́n kó ju jíìnì kan lọ sínú wọn, ọ̀nà tó yẹ ká gbà nìyẹn.

Ti mẹ́lọ́ọ̀nù, kùkúńbà àti tòmátì, ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà kéékèèké tó wà lójú páálí. HR túmọ̀ sí pé ìdènà ẹ̀ ga, IR pé ó wà láàárín. Px ni Podosphaera xanthii, Gc ni Golovinomyces, ìmúwòdù míì tó ń mú kùkúńbà àti mẹ́lọ́ọ̀nù, On ni ti tòmátì tó ń gbé ojú ewé, Lt ni Leveillula. Tí nọ́ńbà bá tẹ̀ lé Px, bíi Px: 1,2, àwọn ẹ̀yà tó lè dá dúró nìyẹn, ẹ̀yà tí ò sí níbẹ̀ máa jẹ ẹ́, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbin mẹ́lọ́ọ̀nù nítòsí yín pé ẹ̀yà wo ló wà lóko wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má tìtorí pé ẹ rí IR kẹ́ ẹ gbé e jù sílẹ̀ o, mo ti rí àwọn tó ń sáré wá HR nìkan, bẹ́ẹ̀ IR tó wá látinú ọ̀pọ̀ jíìnì kéékèèké lè pẹ́ ju HR tó dúró lórí ẹyọ kan lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbin tòmátì sínú ilé ọ̀gbìn lágbègbè tó gbóná tó gbẹ, On láìsí Lt ò tó, torí Leveillula ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì lè ti wà nínú ewé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kẹ́ ẹ tó rí àmì yẹ́lò lókè ẹ̀.